Jésù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gbé

Bí ẹ bá fẹ́ kí orí yín gbóná, ẹ gbà láti ṣe eré Kérésìmesì ní abúlé wa ní erékùṣù Vavaʻu. Ọmọ apẹja kan ni mo kọ́kọ́ yàn pé kó ṣe Jésù ìkókó. Ó sanra, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Tísà Hepisipa, ọba ni Jésù," ni Mafua, agbẹnusọ olóyè wa, wí fún mi. "Ọmọ apẹja kọ́ ló máa ṣe ọba. Ọmọ-ọmọ Olóyè ló tọ́ sí."

"Bàbá, ilé ẹran ni wọ́n bí i sí."

"Àwọn ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni ò mọ ìwà hù. Àwa mọ̀ ọ́n hù."

Bí wọ́n ṣe fi ọmọ-ọmọ Olóyè rọ́pò ọmọ apẹja nìyẹn, kò sẹ́ni tó ronú síwájú. Lọ́dọ̀ wa, mẹ̀kúnnù kì í fọwọ́ kan orí ọmọ ilé olóyè, kì í sì í ga jù ú lọ níbi tó bá wà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, Jósẹ́fù ń fìdí wọ́, àwọn olùṣọ́-àgùntàn náà ń fìdí wọ́. Áńgẹ́lì tí mo gbé sórí tábìlì, Mafua ní kó sọ̀ kalẹ̀ kíá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni áńgẹ́lì Ọlọ́run jókòó sí tó ń kéde ìròyìn ayọ̀, bí ẹni ń bẹ iṣu. Ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá. Ìtàn pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá di èèyàn la fẹ́ sọ, àwọn èèyàn mi sì ti gbé e padà sókè, wọ́n yọ àkàbà.

Telesia, ọmọbìnrin tó ṣe Màríà, ló ká mi lára jù. Ilẹ̀ Olóyè ni bàbá rẹ̀ fi ń dáko. Bí ọmọ yìí bá ṣìwà hù, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Tísà, tó bá sunkún ńkọ́?"

"Kò ní sunkún," ni mo wí. Kí ni ǹ bá tún wí?

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, Olóyè jókòó níwájú. A ò tíì rìn jìnnà nínú eré tí Jésù fi figbe ta. Àbí kí ni wọ́n rò pé ìkókó máa ń ṣe? Ìyá rẹ̀ fẹ́ dìde, Mafua ní eré ò tíì tán. Àwọn akọrin gbé ohùn sókè kí wọ́n lè bo igbe náà mọ́lẹ̀. Igbe borí orin. Ojú ọmọ náà ti pọ́n.

Ni Telesia bá dìde dúró. Ó fọwọ́ ti orí ọmọ náà, ó gbé e lé èjìká, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọmọ náà tọ̀ sí ẹní tí Telesia ró mọ́dìí, bí a ti ń ró o fún ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì dákẹ́.

Mafua ti dé, ó já ọmọ gbà.

"O ya wèrè ni? Lọ tọrọ àforíjì, kíá!"

Telesia fìdí wọ́ dé iwájú Olóyè, ó dorí kodò. Mo rí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ti fọwọ́ méjèèjì bojú.

"Nígbà tí o gbé e," ni Olóyè bi í, "ta lo rò pé o gbé? Ọmọ-ọmọ mi ni, àbí Jésù?"

Ọmọ tún ti bẹ̀rẹ̀ igbe lọ́wọ́ Mafua.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ronú kankan. Ó ń sunkún ni."

Olóyè wo Mafua tó nawọ́ gbọọrọ gbé ọmọ dání, tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Mafua," ni Olóyè wí, "gbé e padà fún Màríà, jẹ́ kí etí wa sinmi."