Ta Ni Yóò Rẹ́ Ihò Náà?

Ìjọba àwọn ẹyẹ kan wà nínú Igbó Ọdán tí ètò rẹ̀ gún régé ju ti ọ̀pọ̀ ìlú tí a fi bíríkì kọ́ lọ. Igún ni ọba wọn. Wọ́n fi í jọba nítorí pé kì í jẹ èso, kò sì ní ìdí láti ṣe ojúsàájú níbi tí wọ́n bá ti ń pín in. Ìyá Àlùkò ni olórí àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ lórí èso ọdán, tí ó jẹ́ oúnjẹ gbogbo ìlú, ọwọ́ obìnrin Àtíòro kan ni ó wà, Ìyẹ́lọlá ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti fi ẹnu rẹ̀ gígùn kan ẹ̀ka kan, tí ó sì sọ ẹni tó ni ín, ìjà parí nìyẹn. Ohùntọ́lá ni ọkọ rẹ̀. Ohùn ni Ẹlẹ́dàá fún òun ní tirẹ̀. Bí ó bá ké ní òwúrọ̀, àwọn tó wà ní òdìkejì odò á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ẹ̀yà Àtíòro ní àṣà kan tí kò yé àwọn ẹyẹ yòókù, tí wọ́n sì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lórí rẹ̀. Bí àsìkò ìsàba bá dé, ìyàwó á wọ inú ihò igi lọ. Ọkọ á gbé ẹrẹ̀ wá láti etí odò, ìyàwó á gbà á, òun fúnra rẹ̀ á sì fi ẹnu rẹ́ ihò náà pa láti inú, títí yóò fi ku àlàfo tóóró kan. Ibẹ̀ ni ọkọ á ti máa fún un lóúnjẹ. Ìyẹ́ apá rẹ̀ á re sínú òkùnkùn, tuntun á sì hù. Ọjọ́ tó bá wù ú, á fọ́ ẹrẹ̀ náà, á jáde. Ìyẹ́lọlá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún, kò sì rò ó rí pé ẹ̀wọ̀n ni.

Ní ọdún kan ni Lékeléke dé láti ìlú òkèèrè, ó funfun nini, ó sì ń fẹsọ̀ rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò mọ́ tó lójú rẹ̀. Ó ní ọba òun ti gbọ́ òkìkí ohùn Ohùntọ́lá, ó sì fẹ́ kó wá ṣe akéde ààfin. Èso kì í tán lórí igi níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kì í dé ibẹ̀. Ó ní kó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, pé wọ́n ti ṣètò tirẹ̀ náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo igbó ti ń kí wọn kú oríire. Ìyẹ́lọlá ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó rántí ẹ̀ka tí òun ti ń dá ẹjọ́. Ó rántí pé ní gbogbo ìgbà tí òun bá wà nínú ihò, ọkọ òun kò jẹ́ kí ebi pa òun rí. Bóyá ó kan òun báyìí láti tẹ̀lé e. Ká sọ òtítọ́, nígbà tí ọba pe ìgbìmọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Ìyá Àlùkò ló kọ́kọ́ dìde. "Kábíyèsí, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ire ló wọlé tọ̀ wá yìí. Ọmọ wa ni wọ́n ń pè síwájú ọba ńlá. Bí ó bá débẹ̀, yóò rántí ilé, àwa náà á sì tọ́ èso ibẹ̀ wò. Ìyẹ́lọlá, ọmọ mi, o mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ. Tẹ̀lé ọkọ rẹ. Ẹjọ́ ọdán ò ní ṣàì rẹ́ni dá a."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí dun Ìyẹ́lọlá wọra. Gbogbo ọdún tí òun ti lò lórí ẹ̀ka yẹn, ṣé báyìí ló fúyẹ́ tó lẹ́nu wọn? Ó wo ojú ìgbìmọ̀ káàkiri, kò rí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà ká lára.

Ó dìde. "Kábíyèsí, ẹ̀mí yín á gùn. Mi ò ní kí ọkọ mi má lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi àlejò wa. Ẹ ní ẹ ti ṣètò tèmi. Ètò wo ni?"

"Ètò tó dára ni, ìyá," ni Lékeléke dáhùn. "Ìlú wa máa ń bọ̀wọ̀ fún àṣà àlejò. A gbọ́ pé inú ihò ni àwọn ìyàwó Àtíòro ń gbé, a sì ti rí ọ̀kan tó gbẹ dáadáa fún yín. Bí ẹ bá ti wọlé báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ ọba yóò rẹ́ ẹ láti ìta."

"Láti ìta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó lè lágbára."

"Ọjọ́ wo ni n ó wá jáde?"

Lékeléke gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Olóhùn nìkan ni a pè, ìyá. Ẹni tó bá tẹ̀lé e wá á wà nínú ihò níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Òfin ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ò ní wọ́n yín."

Ìyẹ́lọlá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ń retí pé kó pariwo, kó bínú, kó bi àlejò pé irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Ohùntọ́lá ń wo èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ, ọkọ mi?"

"Mo mọ̀," ni Ohùntọ́lá wí. "Ó ti sọ fún mi létí odò. Mo rò pé bí a bá débẹ̀, á mọ́ ọ lára."

Ìyẹ́lọlá fò sún mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi ẹnu bọ́ òun láti ọdún pípẹ́ wá! "Ìwọ!" ni ó wí, kò sì pè é bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. "Ìwọ mọ̀?"

Ojú ti Ohùntọ́lá, ìtìjú náà sì di ìbínú. "Kí ló wá yàtọ̀ níbẹ̀? Ihò ni ihò! Ṣebí ọdọọdún lo ń wọ̀ ọ́? Èmi gan-an lè jókòó síbẹ̀ títí òjò á fi dá, kò sì ní ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kábíyèsí," ni Ìyẹ́lọlá wí, "ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀."

Igún, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, na ọrùn rẹ̀ tó pá. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Kó wọ ihò tí ìyàwó rẹ̀ máa ń wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò rẹ́ ẹ, láti ìta."

Ẹ̀rín ni Ohùntọ́lá ń rín wọlé. Ìyẹ́lọlá gbé ẹrẹ̀, ó rẹ́ ẹ, ó fi àlàfo sílẹ̀ bí ó ti yẹ, oòrùn sì mú kí ẹrẹ̀ náà le. Lẹ́yìn náà ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá dá ẹjọ́ tán, á já èso, á gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ohùntọ́lá ń pa á lẹ́rìn-ín láti inú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níta, ta ló jẹ̀bi, ta ló jàre. Nígbà tó tún yá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Níbo lo ti ń bọ̀? Kí ló dé tó o pẹ́ tó báyìí?" Ìyẹ́lọlá gbọ́ tí ó ń fi ẹnu gbá ẹrẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ihò tó gba ìyàwó rẹ̀ kò fẹ̀ tó kí òun lè gbé ẹnu tirẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rù ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ba Ìyẹ́lọlá.

Ní òwúrọ̀ kan, Ohùntọ́lá ké bí ìṣe rẹ̀. Ohun tó jáde láti inú àlàfo náà kò ju ìkùnsínú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lọ. Òdìkejì odò kò dáhùn. Gbogbo igbó gbọ́ ọ.

"Ṣé ohùn tí mo wá mú nìyí?" ni Lékeléke, tó ti ń dúró dè é láti ọjọ́ ìgbìmọ̀, béèrè.

Ìyẹ́lọlá ti fò dé ibẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fọ́ ẹrẹ̀, ó ń sunkún. Ohùntọ́lá wọ́ jáde, ìyẹ́ rẹ̀ rún. Ó wo àfọ́kù ẹrẹ̀ nílẹ̀.

"Mo rò pé ihò ni ihò ni," ni ó wí. Ó yíjú sí Lékeléke. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba yín. Bí ẹ bá gbà kí ìyàwó mi rẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì fọ́ ọ lọ́jọ́ tó wù ú, a ó jọ wá."

"Kò sí irú ihò bẹ́ẹ̀ nílùú wa," ni Lékeléke wí, ó sì fò lọ sí igbó kejì. A gbọ́ pé ó rí olóhùn mìíràn mú níbẹ̀. A ò gbọ́ pé ìyàwó onítọ̀hún béèrè ohunkóhun.

Igún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pè sí òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ihò tí wọ́n rẹ́ láti ìta. Inú ìlú dùn sí òfin náà. Ohun tó wà láàárín Ìyẹ́lọlá àti ọkọ rẹ̀, òfin kankan kò dé ibẹ̀. Ìyẹ́lọlá kò bá a jà. Ó ti dárí ìrìnàjò náà jì í. "Mo mọ̀" yẹn ni kò kúrò ní etí rẹ̀.

Nígbà tí àsìkò ìsàba dé, Ohùntọ́lá gbé ẹrẹ̀ wá, ó fi í sẹ́nu ihò, ó lọ bà sórí ẹ̀ka tó jìnnà, ó sì kẹ̀yìn sí i, kó má baà dà bíi pé ó ń kán an lójú. Ìyẹ́lọlá wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ láti inú. Àwọn ọdún tó kọjá, ìwọ̀n ẹnu nìkan ló máa ń fi àlàfo náà sí. Lọ́dún yìí, ó fi í sílẹ̀ kó fẹ̀ tó láti máa rí ibi tí ọkọ rẹ̀ ń lọ.