Òórùn Màámi Nínú Ọkọ̀ Ìjàpá

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rọra rín in.

Ilé kan tó ní táyà ló ń wọ́ ọkọ̀ ìjàpá tí màámi fi sílẹ̀ fún mi lọ, èmi sì wà nínú ìjàpá. Ilé gidi ni o, ó ní yàrá méjì àti ilé ìdáná. Èéfín ìdí rẹ̀ ń rọ́ wọlé bá mi, bẹ́ẹ̀ òórùn òrí tí màámi máa ń fi para ṣì wà lára àga. Kò sí ohun mìíràn tó kù fún mi lára màámi.

Ìjàpá ní, "Èmi ò nímú o, àmọ́ nǹkan kan ń jáde kúrò lára mi."

Mo ní kó fara balẹ̀, n ó fẹjọ́ sùn. Ọ́fíìsì ìjọba kan ń léfòó lókè títì, mo bá gba ojú fèrèsé wọlé. Akọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Látúndé, kọ ẹjọ́ mi sílẹ̀: èéfín ń lé òórùn ìyá rẹ̀ jáde. Ó tilẹ̀ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Mo yìn ín, torí ọ́fíìsì wa kì í fi àmì sí nǹkan kan.

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá ti di òbúkọ, táì wà lọ́rùn rẹ̀. Òórùn tiẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, àmọ́ tèmi ni mo bá wá. Ó na ahọ́n, ó lá gbogbo àmì jẹ. Ó wá ku "oorun" lásán.

Akọ̀wé ní òórùn ni. Òbúkọ ní oòrùn ni, pé mo jí oòrùn ìjọba kó sínú ìjàpá. Mo ní oòrùn tó ń bó gbogbo wa lórí, ta ló fẹ́ jí i? Mo wá bi wọ́n pé ta ni ìyá rẹ̀ ti kú nínú wọn.

Òbúkọ fi táì nu ojú.

"Wọ́n fi tèmi ṣọdún," ó ní. "Mi ò rántí òórùn rẹ̀ mọ́."

Ó ní àmì tí òun ti gbé mì kò ṣeé pọ̀ jáde mọ́. Ẹjọ́ oòrùn, ẹ̀wọ̀n ni. Ti òórùn yóò gba ọdún mẹ́wàá ká tó dá a. "Àmọ́ bó bá jẹ́ oorun ni, ìjìyà rẹ̀ kò ju kí a jí yín lọ. Ẹ tètè máa lọ, kí èéfín tó kó o tán." Ó fi pátákò lu ìwé ní òǹtẹ̀.

Mo jí. Mo sáré jáde. Àbúrò mi, Ṣijúwadé, ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì ọkọ̀ náà sílẹ̀, ọṣẹ ń hó nínú báàfù. Ó ní èéfín tírélà tó wọ́ ọ wálé lánàá ló ń rùn níbẹ̀, òun fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́.

Mi ò bá a jà. Mo ní kó wọlé jókòó. Mo ti ilẹ̀kùn tèmi, òun náà ti tiẹ̀.

Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí gíláàsì tiẹ̀ sókè, kíákíá.