Baba Ẹlẹ́rẹ̀ Padà Dé

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ láti bá ìyá rẹ̀ sọ kì í jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ni Làtíìfù jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, nínú fúláàtì Àlàájà Àsúmáù, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn Rye Lane ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, gíga rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ṣì ń bà á bí ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún méje.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju báyìí lọ. Àlàájà gbà pé kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò wọn, ni ọmọ òun ń bá ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, Làtíìfù ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tó ti fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀ láìsọ fún un. Iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí, iwin ni. Iwin inú tẹlifíṣọ̀n.

Eré kan wà tí tọmọdé tàgbà ń wò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, The Fog Office ni wọ́n ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa lé iwin àti òkú tí kò gbọ́ràn. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, iwin kan tó ń jẹ́ Mudwick jáde látinú odò, ẹrẹ̀ ń ro lára rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé èèyàn mẹ́ta mì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì padà sínú omi, kò tún jáde mọ́. Baba Ẹlẹ́rẹ̀ ni Àlàájà sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ náà, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu. Àwọn òǹwòran ò yéé pariwo lórí ẹ̀rọ ayélujára pé kí wọ́n dá a padà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á nígbà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn gidi ni wọ́n ń wá, ẹni gíga tó lè rìn bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Làtíìfù, tó ti ń yọ́ lọ kọ́ eré ṣíṣe ní Lewisham ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, gbọ́ sí i, ó lọ, wọ́n sì mú un.

Wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni títí eré náà yóò fi jáde. Inú rẹ̀ dùn sí ìwé yẹn púpọ̀, torí ó fún un láyè láti máa bẹ̀rù ìyá rẹ̀ lábẹ́ òfin. Hameedah àbúrò rẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun náà kì bá sì tí mọ̀ ká ní kò rí ẹrẹ̀ nínú etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ má bá Làtíìfù wí. “Ọmọ mi tó wà ní council” ni Àlàájà fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, ì báà jẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́tàlélógún nu ilẹ̀ ọ́fíìsì olówó kí ọmọ tirẹ̀ lè jókòó ní ọ́fíìsì, ta ni yóò sọ fún un pé ọmọ náà ti dìde lórí àga, ó ti lọ wọ ẹrẹ̀? Ṣùgbọ́n òní ni eré ń jáde, agbára ìwé sì ti tán. Làtíìfù ti búra pé kí ó tó parí, òun á sọ.

Àlejò méjì ló wà níjókòó. Ọ̀kan ni Uncle Yọ̀mí, àbúrò Àlàájà, tó ń wa bọ́ọ̀sì. Èkejì ni Mummy Kánsọ́lá, aládùúgbò wọn tó ń gbé lókè. Mummy Kánsọ́lá máa ń sọ pé òun kì í wo eré ẹ̀mí èṣù, òun kàn ń bá Àlàájà jókòó ni, ṣùgbọ́n kò sí iwin kan nínú eré náà tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

“Làtíìfù, bá mi wo form parking permit yìí,” ni Mummy Kánsọ́lá wí, ó na ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ àyè ìgbọ́kọ̀sí sí i. “Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ń sign ẹ?”

Làtíìfù gba ìwé náà. “Ẹ jẹ́ n mú un lọ, Mummy. Màá fún Bethany ní office.” Bethany ni wọ́n jọ ń jókòó tira wọn ní kánsù nígbà yẹn, aláàánú ọmọ tó ti ń bá a gba irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ.

“Ẹ rí ọmọ mi?” ni Àlàájà wí, ojú rẹ̀ ń dán. Làtíìfù wo bàtà ara rẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tí kálukú ti ń sọ tẹnu rẹ̀.

“Wọn ò bá fi Baba Ẹlẹ́rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi tó wà,” ni Uncle Yọ̀mí wí. “Part two ọ̀rọ̀ kì í dùn. Wọ́n kàn máa bà á jẹ́ ni.”

“Ẹ fi í sílẹ̀ kó wá,” ni Mummy Kánsọ́lá dá a lóhùn. “Mo fẹ́ kó gbé manager wọn yẹn mì, in Jesus' name. Ìgbéraga ẹ̀ ti pọ̀ jù.”

Orí èbúté kan tó jọ ti Surrey Quays ni eré gbé wọn lọ. Omi mì. Ọwọ́ kan yọ, ẹrẹ̀ ń ro lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohun tó ni ọwọ́ náà ń dìde, ó ń dìde, kò sì dìde tán bọ̀rọ̀. Mummy Kánsọ́lá ké “Blood of Jesus!”, Àlàájà ké “A'ùdhu billáhi!”, Hameedah fi tímùtìmù bojú, ó ń rẹ́rìn-ín sínú rẹ̀. Ara Làtíìfù gbóná fún ayọ̀. Kò tíì sí ohun kan tó ṣe ní kánsù tó mú ẹnikẹ́ni pariwo báyìí.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Àlàájà mi orí. “Ẹ wo ojú ẹ̀! Ìyá wo ló bí eléyìí? Ìyá wo ló lè jókòó láàárín ẹgbẹ́, kó ní ọmọ òun nìyí?”

Làtíìfù wo ẹnu ọ̀nà. Kò jìnnà.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Baba Ẹlẹ́rẹ̀ ń rìn lọ bá ìyá àgbà òyìnbó kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orí rẹ̀ funfun báláú. Làtíìfù rántí àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ya ibẹ̀. Wọ́n ti rán an mọ́ inú aṣọ ẹrẹ̀ láti ìdájí, kò sì ráyè rí ìyá náà kó kí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí olùdarí ní kó ṣe ni pé kó dúró níwájú rẹ̀, kó bú ramúramù. Ó rìn, ó dé iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó bú, ara rẹ̀ ti ṣe ohun mìíràn. Olùdarí ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí gbogbo wọn rí nìyí: Baba Ẹlẹ́rẹ̀ dúró, ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó tẹ̀ wálẹ̀ títí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ó dìde, lẹ́yìn náà ló wá bú ramúramù.

Hameedah gbé fóònù. “Comments ti bare, ó ti pọ̀ o! Ẹ gbọ́. Ẹnì kan, Malachi, ní his knee is gone, pé monster yẹn ti darúgbó. Ẹni yìí ní ó ń smell ilẹ̀, pé blood ló ń wá. Eléyìí ní they've ruined him, monster tó bá ń bow kì í ṣe monster mọ́. Ẹlòmíì ní òun ń sunkún, òun ò mọ why.”

“Knee kẹ̀!” Uncle Yọ̀mí ti dìde dúró. “Àwọn òyìnbó yìí! Ó ń kí ìyá àgbà ni! Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn igbẹ́. Ọmọ Yorùbá ló wà nínú ẹrẹ̀ yẹn!”

“Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé,” ni Mummy Kánsọ́lá wí. “Kó tó pa èèyàn, ó kọ́kọ́ kí i.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Àlàájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Hameedah,” ló wí, “dá eré yẹn padà sẹ́yìn.”

Ó dá a padà. Àlàájà wọ gíláàsì. “Tún dá a padà.” Nígbà kẹta, ó ní kó dá a dúró síbi tí ọwọ́ ti kan ilẹ̀.

Làtíìfù mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń wò. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, ó já bọ́ lórí àga yíyọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ní pápá Peckham Rye, apá òsì rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n sì dì í mọ́ ọn láyà. Ó rò pé òun bọ́ lọ́wọ́ ìkíni nìyẹn. Àlàájà ní, “Apá ló ṣẹ́, ìwà ò ṣẹ́. Fi ọ̀tún kí àgbà. Tí wọ́n bá tú òsì, máa fi ìyẹn sẹ́yìn kó má bàa tún ṣẹ́.” Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kí àgbà. Kò sí ọmọ mìíràn lágbègbè náà tó ń kíni bẹ́ẹ̀.

“Làtíìfù. Dìde.”

Ó dìde.

“Kí Mummy Kánsọ́lá.”

“Mummy, mo ti kí wọn nígbà tí wọ́n wọlé.”

“Tún wọn kí.”

Ó gbìyànjú láti ṣe é lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n ara ò mọ irọ́ pa. Ọwọ́ òsì lọ sẹ́yìn, ọ̀tún kan ilẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Baba Ẹlẹ́rẹ̀ tẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Oṣù mẹ́jọ péré ni ti Làtíìfù.

“Ẹ má bínú, Mummy,” ló wí fún ìyá rẹ̀ láti ilẹ̀ níbẹ̀. “Mo ti kúrò ní council láti oṣù mẹ́jọ. Mo mọ ohun tí ojú yín rí kí n tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni ọkàn mi fẹ́. Ẹ̀rù yín ló bà mí.”

“Form mi ńkọ́?” ni Mummy Kánsọ́lá béèrè.

“Jollof tí mò ń dì fún ẹ ní gbogbo Monday,” ni Àlàájà wí, “ta ló ń jẹ ẹ́?”

“Èmi náà ni, Mummy. Nínú ẹrẹ̀.”

Àlàájà tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. “Ọmọ ọdún mélòó ni ìyá orí bench yẹn?”

“Eighty-three.”

“Ṣé wọ́n ní kí o kí wọn ni?”

“Rárá o. Wọ́n ní kí n bú mọ́ wọn. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo kí wọn.”

Àlàájà bọ́ gíláàsì, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn. “Níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí ojú ẹ,” ló wí, “tí wọn ò mọ ẹ́, tí wọn ò mọ ilé ẹ, o ṣì kí àgbà. Àṣé mi ò nu ilẹ̀ lásán.” Ẹ̀rín bá pa òun náà, ẹ̀rín gidi tó ń mi èjìká, Uncle Yọ̀mí bá a rẹ́rìn-ín, Mummy Kánsọ́lá bá a rẹ́rìn-ín, Làtíìfù sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò mọ̀ pé inú ń dùn dé.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Àlàájà tún ìborùn rẹ̀ ṣe. “Hameedah, kí lorúkọ ẹni tó ní knee ẹ̀ ò dáa?”

“Malachi.”

“Kọ ọ́ fún un. Sọ pé knee ọmọ náà dáa, alhamdulillah. Kò bow, kò smell nǹkan kan. Ó ń kí àgbà ni, bí mo ṣe kọ́ ọ. Tí òun náà bá rí àgbà, kó máa kí wọn.”

Hameedah ń tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà. “Mo ti kọ ọ́, Mummy. Name wo ni kí n fi síbẹ̀? Àlàájà Àsúmáù?”

Àlàájà nawọ́ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó wá jókòó ti òun. Ó dúró títí Làtíìfù fi ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tán.

“Rárá,” ló wí. “Kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ìyá Baba Ẹlẹ́rẹ̀.”