Òkèlè Àkọ́kọ́

Láti ìgbà tí Àlímì àbúrò mi ti ṣubú níbi iṣẹ́ ní Wúsè tí kò sì dìde mọ́, mo máa ń fi ọwọ́ tẹ àyà ara mi kí n tó sùn. Dókítà ní ọ̀rá ló dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀. Ó bi mí bóyá ìyá kan náà ló bí wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín, Bàbá. Ẹ má jẹ nǹkan kan láti alẹ́ títí a ó fi gba ẹ̀jẹ̀ yín. Omi nìkan."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, nọ́ọ̀sì dá mi padà. Mo ti jẹun. Àwọn kan ti Kuje wá kí wa kú ará fẹ́ra kù ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Nílé wa, ẹni tó wá báni kẹ́dùn kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi tí àgbà ilé bá kọ́kọ́ bu òkèlè, èmi sì ni àgbà ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú àárọ̀ tí mo tún fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò náà, àwọn àna Àlímì dé láti Ìsẹ́yìn. Sàlímọ́tù, opó rẹ̀, gbé ọkà àti ẹran àgbò síwájú wa. Gbogbo ojú yí sí ọwọ́ mi.

"Mi ò lè jẹun lónìí," mo wí. "Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ́la."

Jàbárù, ẹ̀gbọ́n Sàlímọ́tù, rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹran náà ò tó yín, Bàbá? Láti àárọ̀ la ti wà lójú ọ̀nà o! Bí ẹ ò bá jẹ, a ò ní jẹ. Òkèlè kan péré."

Mo wo ọbẹ̀. Ọ̀rá léfòó lójú rẹ̀. Mo ti na ọwọ́ sí omi ìṣanwọ́ nígbà tí Sàlímọ́tù jókòó tì mí. Ó ṣan ọwọ́, ó bu òkèlè, ó gbé e mì níṣojú gbogbo wọn.

"Èmi náà ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹun. Ọkọ mi yó kó tó kú. Ẹ jẹ́ kí ebi pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí dàárọ̀."

Jàbárù bu òkèlè.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi. Ẹ̀jẹ̀ náà pupa bí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mi ò rí ọ̀rá kankan níbẹ̀. Ó ní èsì yóò jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, pé kí n lọ jẹun.

Sàlímọ́tù ti gbé ẹ̀kọ dè mí. Mo jókòó tì í, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan ẹ̀kọ náà. Jímọ̀ ṣì jìnnà.

"Ẹ jẹun, Bàbá."

"Ìwọ kọ́kọ́ bu tìrẹ," mo sọ fún un.