Ẹ̀rí Tí Modinat Jẹ́

"Ó padà dé! Mo ní ó padà dé!" Adédiwúrà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì yí po láàárín ṣọ́ọ̀bù bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. "Modi, ṣé mi ò sọ fún ẹ?"

"Àǹtí Diwúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," ni Modinat wí, tó ń wo ẹnu ọ̀nà. "Àwọn èèyàn ń kọjá."

"Kí wọ́n gbọ́! Ṣé a jí i ni?"

Ọ̀rọ̀ tó fa gbogbo ariwo yìí kò ju gbólóhùn kan lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí Modinat fẹ́ wẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dúró láti ọdún méjì ó lé. Adédiwúrà ló kọ́kọ́ sọ fún, torí òun ló gbé ike pupa kan fún un ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ike tó kún fún kápúsù, tí wọ́n ní ó ń dá ara obìnrin padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni Modinat ń rán ní Ìkòsí. Adédiwúrà, tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Nígbà tí ooru ara kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Modinat lẹ́nu, Adédiwúrà ló dúró tì í. Ooru náà á bẹ̀rẹ̀ láti àyà, á gun ọrùn, òógùn á sì bò ó lójú bí ẹni tí òjò pa. Lọ́jọ́ kan tó ń lọṣọ, ooru dé, ó sáré jáde lọ gba atẹ́gùn, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kọ́là funfun kan, ó sì jó o. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ó rò pé orí òun ti fẹ́ dàrú. Adédiwúrà mú páálí tí Modinat fi ń gé aṣọ, ó ń fẹ́ ẹ, ó ní, "Wèrè kọ́. Èmi náà ti là á kọjá. Ọjọ́ orí ni." Modinat kò gbàgbé ọjọ́ náà.

"Sátidé kan lóṣù tó ń bọ̀," Adédiwúrà wí, nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, "àwọn ọ̀gá wa nílé iṣẹ́ oògùn yìí ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní Kétu. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí gbogbo àwa tí à ń tà á ní Kosofe. Ìwọ lo máa jẹ́rìí. Wàá kàn dìde, wàá ní ó padà dé. Ó parí."

Inú Modinat náà dùn, kí n má parọ́. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé òun ti padà di ọ̀dọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń rìn bí ọmọge. Àmọ́ ẹ̀dá tó máa ń wá ìdí ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ó tú ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀gá rẹ̀ palẹ̀ láti mọ ohun tó ń mú kó fo òwú. Ọ̀gá rẹ̀ nà án dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò fo òwú mọ́.

Bó ṣe ṣe sí ara rẹ̀ náà nìyẹn. Ó ra ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan, ó ń kọ gbogbo ìgbà tí ooru bá dé síbẹ̀, àti ohun tó jẹ ṣáájú. Ó ti rí i pé tíì gbígbóná kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó pe ooru jáde. Ó ti rí i pé súyà aláta kì í jẹ́ kí òun sinmi. Ó ti rí i pé ọjọ́ tí òun bá fẹsẹ̀ rin dé Mile 12 tí òun sì rìn padà, oorun máa ń dùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá rí irú nǹkan báwọ̀nyí, bí ẹni rí owó he. Ó wá fi bírò pupa kọ ẹ̀jẹ̀ náà síbẹ̀: Ọjọ́bọ̀, díẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, díẹ̀. Ọjọ́rú, ó pọ̀ díẹ̀.

Nígbà tó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, nǹkan kan kò bá ara mu. Ooru ṣì ń wá lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kò dín. Ẹ̀jẹ̀ náà kò sì lọ́jọ́, ó kàn ń yọjú bó ṣe wù ú.

"Àǹtí Diwúrà," ó bèèrè, "tí ara mi bá ti padà sí ti ọ̀dọ́, kí ló dé tí ooru ò lọ?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Máa lo méjì-méjì."

Ìdáhùn yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ìpàdé, ó kó ìwé àti ike náà sínú báàgì, ó gba ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ.

Ọmọ tó lè bí ni nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀. Àyànbọ́lá ni wọ́n kọ sára káàdì tó wà láyà rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà, ó ń kà á, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu.

"Mummy, ta ló kọ́ yín ní irú eléyìí?"

"Èmi ni mo kọ́ ara mi."

"Ẹ ṣe é dáadáa mà. Tíì yẹn, ẹ máa jẹ́ kó tutù kí ẹ tó mu ún. Ẹ dín ata súyà kù. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, sóyà àti ẹ̀fọ́, pẹ̀lú àwọn ẹja kéékèèké tí ẹ lè rún teegunteegun, torí egungun yín. Rírìn yẹn náà, ẹ má dáwọ́ ẹ̀ dúró." Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó rí bírò pupa. Ẹ̀rín náà lọ. "Kí lèyí mà?"

"Ó padà dé ni," Modinat wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí ló padà dé?"

"Nǹkan oṣù."

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti dúró?"

"Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Mummy, ẹ gbọ́ mi. Tó bá ti dúró fún odidi ọdún kan, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá rí lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní ibi tó ti ń wá, a sì gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀."

Ìbéèrè ló bọ́ sí Modinat lẹ́nu. "Ibo ló lè ti máa wá?"

"Ó lè jẹ́ pé ojú ara ti gbẹ, tó wá ń bó. Ó lè jẹ́ ẹran kékeré tó hù sínú ilé ọmọ. Ó lè jẹ́ ohun tí ẹ̀ ń lò. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ, mi ò ní tàn yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun. Àmọ́ tó bá jẹ́ òun, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló rọrùn jù láti wò."

Modinat yọ ike pupa náà jáde. "Kí ló wà nínú eléyìí?"

Nọ́ọ̀sì yí i síwá sẹ́yìn. "Wọ́n ní ewé mẹ́tàdínlógún. Wọn ò sọ ewé wo. Mi ò rí nọ́ńbà àwọn tó ń yẹ oògùn wò lára ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ mà, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ẹ dá a dúró ná. Tí dókítà bá ti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, oògùn wà tí wọ́n lè fún yín fún ooru yẹn. Ìyà kò yẹ kó máa jẹ yín." Ó kọ ìwé fún un láti gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ẹ̀rù ba Modinat títí ó fi délé. Ojú tún tì í, torí ọ̀sẹ̀ méjì tó fi yọ̀ lórí ohun tí kò yẹ ní yíyọ̀. Yúnúsà, ọkọ rẹ̀, gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán, kò sọ ju, "A jọ ń lọ ni." Wọ́n jọ lọ lóòótọ́. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Dókítà ní awọ inú ilé ọmọ ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mú díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì á tó jáde.

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, Modinat lọ bá Adédiwúrà ní ṣọ́ọ̀bù, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Adédiwúrà ń to páálí bọ́tìnnì tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

"Modi, má ṣe báyìí sí mi. Mo ti forúkọ ẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn Sátidé, lọ síbi tó bá wù ẹ́. Ṣé irọ́ ni pé ó padà dé?"

"Ẹ̀jẹ̀ wá. Ìyẹn kì í ṣe irọ́."

"Ehn, sọ ìyẹn nìkan."

Modinat gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ti ń jáde lọ nígbà tí Adédiwúrà pè é padà. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n mú nǹkan yẹn nínú ẹ... ṣé ó dùn ẹ́?"

"Ó rún mi nínú díẹ̀. Ìṣẹ́jú péréte ni. Kí ló dé?"

"Mo kàn bèèrè ni."

Yàrá ìpàdé náà wà lókè ilé alájà kan ní Kétu. Obìnrin bí ogójì ló jókòó lórí àga oníke, fáànù mẹ́ta sì ń yí lókè orí wọn. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, ọ̀gá láti ilé iṣẹ́ wọn, jókòó níwájú, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀. Adédiwúrà wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó dára lára rẹ̀. Nígbà tó pe Modinat jáde, kò fún un ní máìkì. Fúnra rẹ̀ ló gbé e sí i lẹ́nu.

Modinat wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rántí páálí tó fi fẹ́ ẹ lọ́jọ́ tó ń sunkún, ó sì dùn ún dọ́kàn, ohun tó fẹ́ ṣe yìí.

"Orúkọ mi ni Modinat. Mo lo oògùn yìí fún oṣù mẹ́ta. Nǹkan oṣù mi ti dúró. Mo wá rí ẹ̀jẹ̀."

Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹnì kan kígbe, "Ògo!" Ọ̀gá oníkóòtù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo yọ̀ bí ẹ ṣe ń yọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi yọ̀. Mo wá lọ bèèrè nílé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó bá wá lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan oṣù kọ́..."

Adédiwúrà fa máìkì náà kúrò. Ọ̀gá oníkóòtù ti dìde, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun, ẹ lọ jókòó." Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń pariwo mọ́ àwọn òbí ọmọ iléèwé láti ọjọ́ yìí kò nílò máìkì.

"Wọ́n ti mú díẹ̀ nínú ara mi lọ fún àyẹ̀wò. Mi ò tíì mọ èsì. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò sọ pé oògùn yìí ló fà á, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun kan péré, màá sì jókòó. Nínú wa níbí, ta ni tirẹ̀ ti dúró ju ọdún kan lọ, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà? Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn nawọ́."

Ìyá àgbà kan nawọ́ lẹ́yìn, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì. Obìnrin dúdú kan nítòsí fèrèsé nawọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ kẹta lọ sókè díẹ̀, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó tún dúró.

Modinat rí i pé gbogbo wọn kò wo òun mọ́. Ó yíjú padà. Adédiwúrà dúró síbi tó wà, omi ti kún ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó di máìkì mú ti wà lókè.

Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n jókòó sí nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń pariwo mọ́ ọ̀gá oníkóòtù nínú ilé. Adédiwúrà ti yọ gèlè, ó gbé e lé orókún.

"Láti ìgbà wo?" Modinat bèèrè.

"Ó ti tó oṣù méje."

"Oṣù méje! Àǹtí Diwúrà! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ó ń ṣiṣẹ́ ni," Adédiwúrà dáhùn, ó sì bú sẹ́kún.

Modinat dì í mú. Ó jẹ́ kó sun ẹkún náà tẹ́rùn, ó ń fi etí gèlè nu ojú fún un. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó ṣí ojú ewé tí kò tíì kọ nǹkan kan sí, ó kọ ADÉDIWÚRÀ sókè ibẹ̀ gàdàgbà.

"Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè la máa wà nílé ìwòsàn," ó wí. "Wọ́n máa bi yín, ẹ jẹ́ ká ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ rí i?"