Ẹran Ìkẹyìn Amak

“Bàbá Rahmi, ṣé fíríìsà ni mo gbọ́ yẹn?”

Syahrul dúró gbagidi, ike ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ bí olè tí wọ́n ká mọ́. Yusmaniar, ìyàwó rẹ̀, ti yọ sí i lẹ́yìn.

“Mo kàn ń wò ó ni.”

“Ẹ̀ ń wò ó? Tẹlifíṣọ̀n ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà.”

Rẹ́ńdàǹgì ló wà nínú ike náà. Amak, ìyá Syahrul, ló sè é ní Payakumbuh, tó fi ránṣẹ́ sí i ní Jakarta kí ó tó kú. Láti àárọ̀ títí dalẹ́ ni ìyá náà máa ń dúró ti iná igi, tí á máa ro ẹran nínú omi àgbọn rírin títí á fi gbẹ, tí á sì dúdú. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í bàjẹ́ lọ́nà. Ìyá wo ní ìlú wọn ni ọmọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀ tí kò ní sè é ránṣẹ́ sí i?

Kò pẹ́ tí wọ́n sin Amak ni àyà gbá Syahrul mú nínú ìsọ̀ aṣọ rẹ̀. Orí ló yọ ọ́. Wọ́n ki wáyà tín-ín-rín bọ iṣan rẹ̀ ní ọsibítù kí ẹ̀jẹ̀ lè rọ́nà kọjá. Láti ìgbà náà, ẹja bíbọ̀ àti ẹ̀fọ́ tí kò níyọ̀ ló ń jẹ, kò sì ráhùn. Àárò ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ó sì gbà pé inú ike yẹn nìkan ni ìyá náà kù sí.

“Amak ò ní sè òmíràn mọ́ láéláé,” ó wí. “Ẹyọ kan péré, Ìyá Rahmi.”

“Èmi ńkọ́? Tí ẹ̀yin náà bá kú, kí ni kí n máa ṣí fíríìsà wò?”

Omi ti lé sí obìnrin náà lójú. Syahrul fa ike náà mọ́ àyà.

“Ojú àwa méjèèjì ni dókítà ti sọ̀rọ̀. Ó ní ìwádìí ti fi hàn pé ọ̀rá ẹran àti ti àgbọn, tó bá ti pọ̀ jù, kò dáa fún iṣan ọkàn. Ó ní kí ẹ dín in kù, kí ẹ sì máa rìn. Ṣùgbọ́n kí ló kọ́kọ́ sọ?”

Syahrul wolẹ̀.

“Mo ní kí ló kọ́kọ́ sọ?”

“Sìgá.”

Yusmaniar jáde lọ sídìí máṣíìnì ọkọ rẹ̀, ó ṣí abẹ́ ìjókòó, ó sì mú páálí sìgá kànáfùrù kan wọlé. Háà! Ọkùnrin tó búra lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé òun ò ní mu ún mọ́!

“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì yín. Mo ní ẹ ó fẹnu ara yín sọ ọ́. Ikú ń dẹ Dẹ̀dẹ̀, Dẹ̀dẹ̀ ń dẹ ikú! Ẹran ni Amak fi ránṣẹ́ o. Ṣé ó fi sìgá sí i?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Syahrul, ẹkún náà sì fẹ́ gbọ̀n ọ́n. “Ìpọnbẹ̀ ni ì bá fi lé mi jáde.”

Ó gba páálí náà, ó rún sìgá inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú omi ìdọ̀tí, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Lẹ́yìn náà ló gbé ike ẹran padà sínú fíríìsà fúnra rẹ̀, ó sì lọ jókòó.

Yusmaniar dúró, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣí fíríìsà, ó yọ ẹyọ kan, ó gbé e kaná. Òórùn náà gba gbogbo ilé. Ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀ àti ewé ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ tó kún àwo.

Syahrul pín ẹran náà sí méjì, ó ti ìdajì sí ìyàwó rẹ̀.

“Bá mi jẹ ẹ́.”

Wọ́n fọwọ́ jẹ ẹ́ tán. Kò bèèrè òmíràn. Ó kàn gbé ìka tó fi ń di sìgá mú sí imú, ó mí kanlẹ̀. Òórùn ẹran Amak ló wà níbẹ̀. Kò fọ ọwọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú.