Ọ́ìlì Tí Mo Dà Sínú Ọkọ̀ Àbúrò Mi

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ni àbúrò mi kú, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Takisí ló ń wà. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í yí jíà bí èyí tí a mọ̀. Bẹ́líìtì ló ń ṣiṣẹ́ nínú jíà rẹ̀.

Àwọn awakọ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ariwo ẹ̀ ju ìrìn ẹ̀ lọ!"

Àbúrò mi á ní, "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí ọkọ̀ máa já yín lọ́rùn. Tèmi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́."

Mẹkáníìkì ni mí, ẹ̀yìn àwọn awakọ̀ yẹn ni mo wà. Nígbà tí àbúrò mi gbé e wá kí n pààrọ̀ ọ́ìlì jíà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ní ọ́ìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀ o."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tú jíà. Ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo da ọ́ìlì jíà lásán tó wà nílẹ̀ sí i.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìrora àyà gbé e dè. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè kan, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò gòkè mọ́. Ọ́ìlì mi ti ba bẹ́líìtì jẹ́. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn, ó ti kú.

Níbi ìsìnkú, àwọn awakọ̀ ní, "A ṣáà kìlọ̀ fún un nípa ọkọ̀ yẹn." Mo sọ fún wọn, lójú ìyàwó rẹ̀, pé ọkọ̀ kò ṣẹ̀, èmi ni.

Ó fi ìyàwó sílẹ̀, àti ọmọbìnrin méjì, bàtà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jẹ ju tòsì lọ, àti ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ náà, níbi tó ti ṣẹ́ etí ojú ewé tó sọ irú ọ́ìlì jíà tó yẹ ẹ́ dè mí.